Ohùn Abẹ́ Orin: Àpótí Gìtá Béèsì àti Àwọn Tí Ń Kàn Án

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ àròkọ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ àpótí tí ń fọhùn ni, àti ọ̀rọ̀ etí tí ó mọ ohun tí àpótí ń wí. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣelámèyítọ́ orin, àwa Yorùbá kì í ṣe aláìní. A mọ bí a ti í yin olórin tí ohùn rẹ̀ dùn. A mọ bí a ti í bu onílù tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. A sì mọ ìyàtọ̀ láàrin akéwì tí ó jinlẹ̀ àti èyí tí ń fi ẹnu họra. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ìdí àpótí dúdú ńlá tí ó dúró lẹ́yìn onígìtá béèsì, ọ̀rọ̀ a tán lẹ́nu wa. Ohun tí a máa ń sọ nípa rẹ̀ kò ju méjì lọ: "Ó tóbi," àti "Ó ń dún." Èrò tèmi ni pé méjèèjì kò tó, àti pé àìtó wọn ń ná wa lówó, ó ń ba orin wa jẹ́, ó sì ń pa orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa rẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlejò ni àpótí jẹ́ nínú orin wa. Kí ni àgídìgbo bí kò ṣe àpótí? Igi pẹlẹbẹ ni a kàn pọ̀, tí a dá ihò sí lójú, tí a sì to ahọ́n irin sí ẹnu ihò náà. Ẹni tí ń lù ú á gbé e lé itan, á máa fi ìka ta ahọ́n irin náà. Ahọ́n irin nìkan, bí a bá yọ ọ́ kúrò lára igi, kò lè dún ju kí ẹni tí ó jókòó tì í gbọ́ lọ. Igi àti afẹ́fẹ́ inú àpótí ni ó ń gba ìró rẹ̀ mú, tí ó ń sọ ọ́ di ńlá, tí ó sì ń tì í gba ojú ihò jáde. Nínú àpàlà Haruna Ishola, ohun èlò yìí wà lára àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ orin ró; Adéolú Akínsànyà náà sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nípa orin àgídìgbo. Nítorí náà, bí a bá rí àpótí sípíkà tí ó ní ihò níwájú, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti àgídìgbo. Òfin kan náà ni ó ń darí afẹ́fẹ́ inú àwọn méjèèjì. Iná mànàmáná ni àbúrò fi yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n.

Iná mànàmáná náà kò sì pẹ́ kí ó tó dé. Ní ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè ti mú gìtá oníná wọ inú jùjú. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1960, tí I. K. Dairo ti sọ jùjú di orin tilé-toko, tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ga ti di ohun tí ẹgbẹ́ akọrin kò lè ṣe aláìní. Bí gìtá béèsì ti wọlé, iṣẹ́ tí kẹríkẹrì ń ṣe láàrin ẹgbẹ́ dùndún ni ó gbà ṣe. Ó dúró sí ìsàlẹ̀, ó ń sọ gbólóhùn kúkúrú, ó ń tún un sọ, kí àwọn ìyókù lè rí ilẹ̀ tẹ̀. Ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀ dáadáa yóò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onígìtá béèsì wa tí wọ́n dàgbà sí àárín ìlù kì í kàn ta okùn lásán. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ni ìka wọn ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí tí àpótí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ fún béèsì ju fún gìtá yòókù lọ kò ṣòro láti yé ni. Okùn tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù lọ lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbì tí ó ń dá sínú afẹ́fẹ́ gùn ju mítà 8 lọ. Ó gùn ju ọ̀pọ̀ yàrá tí a ń sùn lọ. Sípíkà tí a kò bá kàn mọ́ inú nǹkan kan kò lè gbé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ jáde, nítorí bí iwájú rẹ̀ ti ń ti afẹ́fẹ́ lọ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń fà á padà, tí àwọn méjèèjì ń pa ara wọn. Àpótí ni ó ń là wọ́n níjà. Nítorí náà, àpótí kì í ṣe ilé tí a kó sípíkà sí lásán. Ìdajì ohun èlò ni. Ẹni tí ó ra gìtá olówó iyebíye, tí ó wá ń ta á sínú àpótí tí kò dára, dà bí ẹni tí ó fi awọ ewúrẹ́ dáradára bo igi ìlù tí ó ti sán.

Mo yan Ìjànìkìn ní àyè tí mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ohun gbogbo tí ó rọ̀ mọ́ ọn pé síbẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, tí omi kò sì jìnnà sí. Ibẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni Adéníran Ògúnsànyà wà, èyí tí ó di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022. Ṣọ́ọ̀ṣì kò wọ́n níbẹ̀, òde àríyá ọjọ́ Àbámẹ́ta kò wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ di onígìtá kò sì wọ́n. Ẹni tí ó bá ń wá áńpílífáyà níbẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ kọjá Ìyànà-Ẹ̀rá, yóò kọjá Okokomáíkò, yóò kọjá Ìyànà-Ìbá, títí yóò fi dé ọjà ńlá Alábà ní Òjó, níbi tí ẹ̀rọ tuntun àti tòkunbọ̀ ti kún bí eṣú. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká odindi yóò ra sípíkà nìkan, yóò sì padà wá bá kápẹ́ńtà àdúgbò.

Ibi tí iṣẹ́ ọnà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ni ó ń bí àpótí kan: kápẹ́ńtà tí ó mọ igi, oníwáyà tí ó mọ iná, àti onígìtá tí ó mọ ohùn. Láyé àtijọ́, agbẹ́gilù àti onílù mọ èdè ara wọn. Ẹni tí ń gbẹ́ igi ọ̀mọ̀ tàbí apá fún ìyáàlù mọ ohun tí onílù yóò béèrè lọ́wọ́ igi náà. Lóde òní, àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí kì í sábà jókòó pọ̀. Kápẹ́ńtà á béèrè bí àpótí yóò ti ga tó. Oníwáyà á béèrè iye owó. Onígìtá á sì dúró de ọjọ́ tí wọn yóò gbé e dé. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé: "Kí ni a fẹ́ kí ó sọ?"

Ìbéèrè yẹn ni mo sọ di òṣùwọ̀n. Èdè wa ti fún wa ní ìdánwò tí kò ná ni ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí onígìtá fi okùn rẹ̀ pe ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí: igbá tí a fi ń bu omi, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbá tí a ń jẹ, ìgbà tí ń lọ tí ń bọ̀, àti igba tí í ṣe òǹkà. Kí ẹni tí ó kẹ́yìn sí i máa sọ èyí tí ó gbọ́. Àpótí tí ó bá dára yóò jẹ́ kí a mọ òkè yàtọ̀ sí àárín, kí a sì mọ àárín yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, kódà bí ohùn gbogbo bá lọ sílẹ̀. Àpótí tí kò bá dára ní ohùn kan ṣoṣo tí ó fẹ́ràn. Bí onígìtá bá ti kan ohùn yẹn, gbogbo igi á máa gbọ̀n. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, ohùn á wọlẹ̀. Nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ á di ìgbà, ìgbà, ìgbà.

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí, ẹ jẹ́ kí a wo irú àpótí mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀ ní agbègbè yìí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a dí pa, tí kò ní ihò, tí a to sípíkà oníńṣì 10 mẹ́rin sí. Ọmọ ni èyí jẹ́ fún àpótí onísípíkà mẹ́jọ tí ilé-iṣẹ́ Ampeg gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969 pẹ̀lú áńpílífáyà oníwáàtì 300 tí wọ́n ń pè ní SVT. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sí ìsàlẹ̀ jù, ó sì ń jẹ agbára. Ṣùgbọ́n bí a bá ta okùn, ojú ẹsẹ̀ ni ó ń dáhùn. Bí a bá fi ọwọ́ pa okùn, ojú ẹsẹ̀ ni ó ń panu mọ́. Ọ̀rọ̀ márààrún ni ó máa ń pè ketekete. Nínú gbọ̀ngàn oníbúlọ́ọ̀kù tí kò ní aṣọ ìkélé tàbí rọ́ọ̀gì, níbi tí ògiri fúnra rẹ̀ ti ń dá béèsì padà, òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́.

Èkejì ni àpótí onísípíkà oníńṣì 15 kan ṣoṣo, tí ó ní ihò. Bí kápẹ́ńtà bá gé ihò náà bí ó ti yẹ kí ó fẹ̀ àti bí ó ti yẹ kí ó jìn, kò sí ohùn tí ó dùn tó tirẹ̀. Á kún, á sì rọ̀ bí àkàṣù ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ihò kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí inú àpótí ti fẹ̀ tó, bí ẹnu ihò ti tóbi tó, àti bí ọ̀nà ihò ti gùn tó, àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni ó ń yan ohùn tí àpótí yóò máa fẹ́ràn. Ẹni tí ó fi ojú wọn ihò ti fi ojú yan ohùn. Àpótí bẹ́ẹ̀ ni ó pọ̀ jù lọ lára àwọn tí ó kùnà ìdánwò mi, kì í sì í ṣe pé igi wọn burú. Ewu kan tún wà: bí onígìtá bá lọ sí ìsàlẹ̀ ohùn tí a fi ihò yàn, afẹ́fẹ́ kò ní lè di sípíkà mú mọ́, á máa jù síwá-sẹ́yìn títí yóò fi já.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀gá ìta gbangba, àpótí onísípíkà oníńṣì 18 tí inú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ bí ìwo, èyí tí a máa ń rí lẹ́yìn àwọn tí ń fi àwo orin dá òde lárayá. Òun ni ó ń ju ohùn sí ọ̀nà jíjìn jù lọ, ó sì wúlò lábẹ́ àtíbàbà, níbi tí kò sí ògiri tí yóò ran béèsì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fún gìtá tí ń sọ̀rọ̀, ó máa ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu. Orin tí a ti ṣe parí ni a ṣe é fún, kì í ṣe èyí tí ọwọ́ ń ṣe lọ́wọ́. Kí a gbé e sínú gbọ̀ngàn kékeré fún onígìtá kan dà bí kí a gbé gbẹ̀du wọ inú yàrá láti fi kí ìyàwó tuntun.

Kò pọn dandan kí ẹni tí ó ti ní àpótí burúkú jù ú nù. Àwọn àtúnṣe tí mo ti rí tí ó ṣiṣẹ́ kò ná ni lówó púpọ̀. Ki aṣọ tí a ká sínú ihò, kí o sì tún ọ̀rọ̀ márùn-ún náà pè. Bí ohùn bá sàn, ihò ni ó jẹ̀bi. Fi ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ àpótí nígbà tí ó ń dún. Bí ó bá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, kan igi ìdábùú sí i nínú. Wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ jáde ní oríkèé igi, kí o po ìyẹ̀fun igi mọ́ gúlúù, kí o fi dí i. Tẹ́ fóòmù bẹ́ẹ̀dì àlòkù sí ògiri inú rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí omi yí ká bí ti Ìjànìkìn, yẹra fún páálí tí a fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀, nítorí ọ̀rinrin á wú u; puláìwúùdù tí ó nípọn ni kí o béèrè. Lẹ́yìn náà, gbé àpótí kúrò ní igun yàrá, nítorí igun a máa sọ béèsì di ńlá ju bí ó ti yẹ lọ.

Ohun tí ń dí wa lójú kí a má rí nǹkan wọ̀nyí ni òǹkà tí a kọ sára àpótí. Mo ti rí àpótí tí a kọ wáàtì 2000 sí lára, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò lè pèsè wáàtì 1000 sì ń bọ́ òun àti gílóòbù àti fáànù. Ta ni ó lè pọn omi tí kò sí nínú kànga? Kódà bí òǹkà náà bá jẹ́ òótọ́, kì í sọ ohun tí a rò pé ó ń sọ. Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni ohùn fi ń ga sí i. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, agbára ní láti tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Òǹkà tí ó yẹ kí a máa wò ni óòmù. Àpótí méjì oní-óòmù 8 tí a so pọ̀ bí a ti sábà ń so wọ́n di óòmù 4. Bí a bá fi méjì irú rẹ̀ kún un, ó di 2, áńpílífáyà tí agbára rẹ̀ mọ sí óòmù 4 yóò sì rùn fún èéfín. Owó tí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ fi ìṣẹ́ kó jọ ni ó ń jóná bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe àyà ni a fi ń gbọ́ béèsì? Bí ilẹ̀ kò bá mì, ṣé ijó yóò dùn?" Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní fi ṣẹ̀sín. Agbára wà nínú orin wa kí iná tó dé. Gbẹ̀du kì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìlù sátò àwọn Ògù ní Àgbádárìgì, tí ó ga tó ènìyàn, àyà ni ó ń bá wí. Ṣùgbọ́n àwọn ìlù wọ̀nyí lágbára, wọ́n sì ní ìtumọ̀. Agbára kì í ṣe ọ̀tá ìtumọ̀. Àìmọ̀-ọ́n-ṣe ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn. Àwọn tí ó ni ìlù náà ni wọ́n kúkú kìlọ̀ fún wa pé bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya.

Ẹ sì rántí aládùúgbò. Ìgbì tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀rù ògiri. Ohùn akọrin á dúró sínú gbọ̀ngàn, ohùn dùùrù á dúró, béèsì nìkan ni yóò la búlọ́ọ̀kù kọjá lọ bá aláìsàn àti ọmọ ìkókó lórí ibùsùn. Gbì, gbì, gbì ni wọ́n ń gbọ́. Wọn kò tilẹ̀ mọ orin tí a ń kọ. LASEPA, àjọ tí ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti fi dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 55 ṣe òpin ariwo lọ́sàn-án ní àdúgbò ibùgbé, ó sì fi 45 ṣe ti òru. Mo fara mọ́ òfin, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé etí tí ó dára ń ṣe ju òfin lọ. Bí béèsì bá ti ń sọ̀rọ̀ ketekete, onígìtá fúnra rẹ̀ a máa dín in kù. Àìgbọ́ ara rẹ̀ ni ó ń mú un yí bọ́tìnnì sókè.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn oníṣẹ́ kan wà tí wọ́n kan àpótí dáradára pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, tí wọ́n wá lẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ òkè òkun mọ́ ọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé orúkọ ni oníbàárà yóò wò. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Èmi kò bú ẹni tí ó ṣe àwòkọ. Àwòkọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1952 ni ilé-iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà gbé áńpílífáyà Bassman jáde fún gìtá béèsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1951. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Jim Marshall, onílù kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin ní London, àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́, kọ́ ara Bassman náà, wọ́n sì ṣe tiwọn ní àwòkọ rẹ̀. Sípíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lò. Ìyípadà bẹ́ẹ̀ ni ó fún ẹ̀rọ wọn ní ohùn ọ̀tọ̀, tí àwọn onígìtá ayé fi ń wá a. Orúkọ wo ni wọ́n kọ sí i? Marshall ni, kì í ṣe Fender. Nítorí pé wọ́n kọ orúkọ ara wọn sí i, ìyìn iṣẹ́ náà jẹ́ tiwọn, ẹ̀bi rẹ̀ náà sì jẹ́ tiwọn, ìyẹn ni ó mú wọn tún un ṣe títí ó fi dára.

Ohun tí ó wà nínú ewu nìyí. Iṣẹ́ tí kò lórúkọ kò lè gba ìyìn, kò sì lè gba ìbáwí. Bí kápẹ́ńtà tí ó ti fi ogún ọdún mọ bí a ti ń gé ihò bá kú lónìí, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí ó bá a lọ. Nítorí náà, àwa tí ń gbọ́ orin ní láti kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí à ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa sọ pé àpótí yìí ń pe ọ̀rọ̀, pé tọ̀hún ń kùn, pé èyí ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu, pé ìyẹn kì í tètè panu mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ ra àpótí mú onígìtá tirẹ̀ dání, kí ó sì gbọ́ ọ níbi tí yóò ti lò ó. Àwọn onílù ní Àyàn tí wọ́n fi ń sọ ọmọ, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti gbọ́ orúkọ, a ti mọ iṣẹ́ ìdílé. Àwọn aṣàpótí kò tí ì ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ èyí tí bàbá wọn sọ wọ́n sára iṣẹ́ ọwọ́ wọn ná.